Ẹ Bi Wá Léèrè: Kí Ló Ń Ti Mẹ́téènì àti Ìdọ̀tí Afẹ́fẹ́ Sókè Sódò?

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pọ̀ ju àyè tí a ní lọ. A mú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè, a sì gé àwọn tó gùn kúrú. Mẹ́téènì tí ẹ ó máa rí nínú wọn jẹ́ gáàsì kan tó ń mú kí ayé gbóná. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ní ìṣirò nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fò ó, torí òun ni ìyókù dúró lé.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo rí àwòrán kan tó fi hàn pé mẹ́téènì inú afẹ́fẹ́ ń gòkè títí di nǹkan bí 1999, ó dúró sójú kan títí di 2006, ó sì tún gbéra ní 2007. Ta ló jáwọ́ láàárín ọdún wọ̀nyẹn? Ta ló sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́?

Ó ṣeé ṣe kó má sí ẹni tó jáwọ́ rárá. Ẹ wo àgbá omi tó lu nídìí. Bí ẹ bá ń da omi sí i ní ìwọ̀n kan náà lójoojúmọ́, omi á máa gòkè, àmọ́ bó ṣe ń ga sí i ni ìwúwo rẹ̀ á máa mú kí ihò náà jò sí i, títí èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde á fi dọ́gba. Omi á wá dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ ẹ ò dẹ́kun dídà á. Ẹni tó bá wo ojú omi nìkan á rò pé ẹ ti lọ sùn.

Bí mẹ́téènì ṣe rí nìyẹn. Ppb ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn iye ẹyọ mẹ́téènì tó wà nínú bílíọ̀nù kan ẹyọ afẹ́fẹ́. Ní nǹkan bí 1750, kí ayé ẹ̀rọ tó dé, kò ju bíi 720 lọ. Ní báyìí ó ti kọjá 1,920. Ppb 1 dúró fún mẹ́téènì tó tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 2.75, nítorí náà ppb 1,920 jẹ́ mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 5,280. Mẹ́téènì máa ń lo ọdún mẹ́sàn-án àti díẹ̀ lójú ọ̀run kó tó parẹ́. Ẹ wá fi 9.1 pín 5,280: nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 580 ló ń parẹ́ lọ́dọọdún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Bí ìwé ìròyìn bá pariwo pé mẹ́téènì fi ppb 10 gòkè lọ́dún kan, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé èyí tó wọlé fi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 27.5 ju èyí tó jáde lọ. Ìyẹn kò tó ìdá 5 nínú 100 lára gbogbo ohun tó ń wọlé tó ń jáde. Ìyàtọ̀ kékeré láàárín òkìtì ńlá méjì ni. Bí ohun tó ń wọlé bá fi díẹ̀ pọ̀ sí i, a ó rí i. Bí ihò ìdí àgbá bá fi díẹ̀ dí, a ó rí ohun kan náà gẹ́lẹ́, ojú omi ò sì ní sọ èwo nínú méjèèjì ló ṣẹlẹ̀.

Láti mọ orísun rẹ̀, àwọn onímọ̀ máa ń wọn bí kábọ́ọ̀nù inú mẹ́téènì ṣe wúwo sí. Oríṣi kábọ́ọ̀nù méjì ló wà níbẹ̀: carbon-12 fúyẹ́, carbon-13 wúwo. Kòkòrò àìfojúrí inú àbàtà, inú àpòlúkù màlúù àti nínú ààtàn fẹ́ràn èyí tó fúyẹ́, nítorí náà carbon-13 inú mẹ́téènì wọn fi nǹkan bí ìdá 60 nínú 1,000 dín sí ti òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe àfiwé. Ti epo rọ̀bì, gáàsì abẹ́ ilẹ̀ àti èédú ilẹ̀ fi nǹkan bí 44 dín, ti iná igbó sì fi nǹkan bí 22 sí 25 dín. Láti 2007 ni mẹ́téènì inú afẹ́fẹ́ ti ń fúyẹ́ sí i. Ìyẹn ń nàka sí iṣẹ́ kòkòrò: ẹran ọ̀sìn, oko ìrẹsì, ààtàn, àbàtà ilẹ̀ olóoru.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn wẹ ilé iṣẹ́ epo mọ́. Bí iná igbó bá dín kù, mẹ́téènì rẹ̀ tó wúwo jù lọ á dín kù pẹ̀lú, àpapọ̀ á sì fúyẹ́ kódà bí ti epo bá ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ní ọ̀daràn kan ṣoṣo lòun mú, ẹ bi í léèrè ohun tó fi òṣùwọ̀n iná igbó ṣe.

Ní 2020, gbogbo ayé ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ọkọ̀ ò rìn, bàlúù ò fò. Kí ló wá fà á tí mẹ́téènì fi gòkè gan-an ní ọdún yẹn? Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa ni?

Kì í ṣe irọ́. Ó fi nǹkan bíi ppb 15 gòkè ní 2020, ó fi bíi 18 gòkè ní 2021 àti 13 ní 2022, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ohun tí kò tó 10 ní 2023. Ohun méjì ló pàdé.

Àkọ́kọ́ ni ihò ìdí àgbá. Ohun tó ń pa mẹ́téènì lójú ọ̀run ni hydroxyl, tí wọ́n ń kọ ní OH. Òun ló ń pa nǹkan bí ìdá 90 nínú 100. Ìtànṣán oòrùn tó le máa ń já ozone, ìyẹn gáàsì tí ẹyọ oxygen mẹ́ta so pọ̀ di, sí méjì, ẹyọ oxygen tó bá já bọ́ á kọlu omi tó ti di ooru, OH á sì jáde. Kì í lò ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ tó fi rí nǹkan jẹ. Nígbà tó bá ti jẹun tán, àwọn gáàsì nitrogen tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní NOx, ló ń sọ àjẹkù rẹ̀ di OH padà. Àjèjì ọ̀rọ̀ ni, àmọ́ òótọ́ ni: èéfín ọkọ̀ tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ yìí náà ló ń ran ìgbálẹ̀ ojú ọ̀run lọ́wọ́. Nígbà tí ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ dúró ní 2020, NOx já wálẹ̀, OH sì fi nǹkan bí ìdá 1 sí 2 nínú 100 dín kù. Ẹ padà sí ìṣirò wa. Bí OH bá fi ìdá 1 nínú 100 dín, mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 5 àti díẹ̀ tó yẹ kó parẹ́ ni kò parẹ́, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ppb 2. Kò sí ẹni tó da nǹkan kan kún un.

Èkejì ni omi. Ní òpin 2019, òjò ńlá rọ̀ sí ìlà oòrùn Áfíríkà. Adágún Victoria kún dé ibi tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé rí ní 2020, omi rẹ̀ sì ń ṣàn gba odò Nile Funfun wọ àbàtà Sudd ní South Sudan. Àbàtà náà fẹ̀ sí i, ilẹ̀ tó ti gbẹ wọ abẹ́ omi, koríko jẹrà níbẹ̀, kòkòrò rí oúnjẹ. Omi kì í tètè kúrò ní ilẹ̀ tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí òjò ọdún kan fi lè máa tú mẹ́téènì jáde lọ́dún kejì. La Niña, ìyẹn ìgbà tí ojú omi àárín Òkun Pàsífíìkì máa ń tutù ju bó ṣe yẹ lọ, tó tẹ̀ lé e láti 2020 dé ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tún mú kí òjò pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibòmíì nílẹ̀ olóoru.

Nípa bí wọ́n ṣe pín in, ìṣirò tó gbayì fi nǹkan bí ìdajì ìdájì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 2020.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni pé ìsó màlúù ló ń ba ayé jẹ́?

Ìgùfẹ̀ ni. Inú àpòlúkù àkọ́kọ́ ni àwọn kòkòrò ti ń ṣe mẹ́téènì, ó sì lé ní ìdá 90 nínú 100 tó ń gba ẹnu àti imú jáde nígbà tí màlúù bá ń jẹ àpọ̀jẹ. Èyí tó ń gba ìdí jáde kò tó nǹkan. Ìgbẹ́ rẹ̀ tún ń ṣe tirẹ̀ bí wọ́n bá kó o jọ sínú kòtò olómi, àmọ́ bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ tó gbẹ, mẹ́téènì rẹ̀ kéré.

Ẹ kú làákàyè o. Oko ìrẹsì olómi ni mo ń dá. Wọ́n ní kí n máa jẹ́ kí omi gbẹ kí mẹ́téènì lè dín kù, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kí ìrẹsì mi má kú. Báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tí mo ti máa dúró?

Páìpù ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n, ẹ má fi ojú wò ó. Ẹ gé páìpù oníke tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 10 sí 15. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ yí ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ kí 15 wà lábẹ́ ilẹ̀, kí 15 yọ síta, kí ẹ sì kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ jáde títí ẹ ó fi rí ìdí rẹ̀. Ibi tó tẹ́jú ni kó wà, kí ó má jẹ́ ibi tó ga tàbí ibi tó jìn kòtò nínú oko. Ẹ tún jẹ́ kó sún mọ́ etí oko, torí páìpù tó bá jìnnà, ẹ ò ní lọ wò ó.

Nígbà tí omi bá wà lóko, ẹ yẹ inú páìpù wò: omi inú rẹ̀ àti ti òde gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹrẹ̀ ti dí ihò, irọ́ ni páìpù náà á sì máa pa fún yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí ẹ ti ṣí èhù ìrẹsì lọ sóko, ẹ jẹ́ kí omi máa fà. Nígbà tó bá lọ sílẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15 lábẹ́ ilẹ̀ nínú páìpù, ẹ fa omi wọlé kí ó ga tó 5 lórí ilẹ̀. Gbòǹgbò ìrẹsì ṣì ń rí omi mu ní 15 yẹn, kò ní kú. Ibi tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ti dán an wò ni ìgbà òdòdó: láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, kí omi tó ga tó 5 wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ìrẹsì bá gbẹ nígbà yẹn, èèpo rẹ̀ á ṣófo. Bí koríko bá pọ̀ lóko, ẹ sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, torí omi ló ń tẹ koríko rì.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé àwọn kòkòrò mẹ́téènì ò lè fara da oxygen. Omi tó bá dúró máa ń dí oxygen lọ́nà, kòkòrò mìíràn á kọ́kọ́ lo nitrate àti irin inú ilẹ̀ tán, ìgbà náà ni ti mẹ́téènì á tó gba ilẹ̀. Nígbàkigbà tí ilẹ̀ bá gbẹ díẹ̀, irin yẹn á tún padà bọ̀ sípò, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́téènì á fi nǹkan bí ìdajì dín kù. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé igi ìrẹsì fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà àbájáde: inú rẹ̀ tó ní ihò ni púpọ̀ jù lọ nínú mẹ́téènì oko ń gbà jáde, bí èéfín ṣe ń gba páìpù.

Ibi méjì ló ti ń bàjẹ́. Bí ẹ bá da ajílẹ̀ urea sí ilẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kó gbẹ, gáàsì nitrous oxide á jáde, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná sì ju ti carbon dioxide lọ ní ìlọ́po 273 láàárín 100 ọdún. Ẹ da ajílẹ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ẹ sì fa omi wọlé lórí rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èkejì ni pòròpórò ìkórè tó kọjá. Bí ẹ bá ro ó mọ́lẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ìgbìn ti kù díẹ̀, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni fún kòkòrò. Bí ẹ bá ro ó ní ohun tó lé ní 30 ọjọ́ ṣáájú, mẹ́téènì tó ń tìdí rẹ̀ wá á dín sí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún.

Ṣé gáàsì inú sílíńdà tí a fi ń dáná náà ni mẹ́téènì?

Rárá. Propane àti butane ló wà nínú sílíńdà, wọ́n wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń dì sí bí wọ́n bá jò. Mẹ́téènì fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òun ló pọ̀ jù nínú gáàsì tó ń gba páìpù wọlé. Mẹ́téènì kò ní òórùn. Òórùn burúkú tí ẹ ń gbọ́, wọ́n fi sí i ni kí imú lè tètè mọ̀. Inú afẹ́fẹ́ tí mẹ́téènì bá ti wà láàárín ìdá 5 sí 15 nínú 100 ni iná ti lè mú un. Omi ọṣẹ ni ẹ fi máa wá ibi tó ti ń jò, ẹ má tanná sí i.

Wọ́n ní iná gáàsì tó ń jó ní ibi ìwa-epo ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Kí ló dé tí wọn ò kàn pa iná náà?

Bí gáàsì bá ṣì ń jáde, iná tó kú burú ju iná tó ń jó lọ. Ẹ wo 100 tọ́ọ̀nù mẹ́téènì. Tọ́ọ̀nù 1 tó bá jó tán á di tọ́ọ̀nù 2.75 carbon dioxide. Tọ́ọ̀nù 1 tó bá jáde láì jó dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bí 80 tọ́ọ̀nù carbon dioxide nínú mímú ayé gbóná láàárín 20 ọdún.

Bí iná náà bá dára, tó ń jó ìdá 98 nínú 100, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 269.5 láti inú èyí tó jó àti 160 láti inú èyí tí kò jó, ìyẹn nǹkan bí 430 tọ́ọ̀nù carbon dioxide. Bó bá ń jó ìdá 91, ó di 250 àti 720, ó lé ní 970. Bó bá kú pátápátá, ó di 8,000. Ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba ló fi 98 ṣe ìṣirò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi bàlúù wọ̀n ọ́n lórí àwọn ibi ìwa-epo ńlá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 2022, nǹkan bí ìdá 91 ló já sí, torí pé àwọn kan jó lábọ̀, àwọn mìíràn sì kú láìsí ẹni tó mọ̀. Ohun tó sábà ń fà á ni ẹ̀fúùfù líle, iná kékeré tó ń ràn án tó kú, àti ooru omi tí wọ́n fẹ́ sí i ní àfẹ́jù kí èéfín dúdú má bàa hàn. Iná tó mọ́lẹ̀ láìsí èéfín kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ iná tó jó dáadáa. Kí wọ́n kó gáàsì náà lò ló dára jù, àmọ́ ìyẹn gba páìpù àti ẹ̀rọ ìfúngáàsì, ibẹ̀ sì ni owó ti ń di àríyànjiyàn.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn eruku wínníwínní PM2.5. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló máa ń ga jù, nígbà tí ọkọ̀ ò tíì pọ̀ lójú títì. Ọ̀sán ló ń lọ sílẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kó dára. Lóru, ilẹ̀ máa ń tutù, ó sì máa ń mú afẹ́fẹ́ tó fara kàn án tutù. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ á wá gbóná jù ú lọ, á sì dé e bí ọmọrí ìkòkò. Bí ọmọrí yẹn bá wà ní mítà 200 lówùúrọ̀, tí oòrùn sì gbé e lọ sí mítà 1,500 lọ́sàn-án, èéfín kan náà á fi ìlọ́po 7.5 ṣàn sí i. Ọkọ̀ lè pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ ní ìlọ́po méjì lọ́sàn-án, nọ́ńbà á ṣì lọ sílẹ̀. Ọmọrí irú ẹ̀ ló dé London láti ọjọ́ 5 sí 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952. Èéfín èédú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sun tẹ́lẹ̀ ni, kò rí ibi gbà jáde ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì kú.

Àmọ́ ẹ̀rọ yín náà lè máa purọ́ díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lesa ló fi ń ka eruku. Nígbà tí ọ̀rinrin bá kọjá ìdá 80 nínú 100, eruku máa ń mu omi, ó máa ń wú, ẹ̀rọ á sì kà á sí eruku ńlá. Ẹ gbé ẹ̀rọ ọ̀rinrin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jọ ń gòkè jọ ń sọ̀ pẹ̀lú kùrukùru, omi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí PM2.5 bá ga nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, èéfín gidi ni. Kí ó ga tó mítà 1.5 sí 2, kí oòrùn má pa á, kó jìnnà sí ilé ìdáná. Ẹ máa wo ẹnu ibi tó ń fa afẹ́fẹ́ sí, aláǹtakùn fẹ́ràn ibẹ̀. Àti pé nọ́ńbà ìṣẹ́jú kan kì í ṣe nǹkan tí ẹ máa fi dójú kọ ìlànà àjọ WHO: 15 wọn jẹ́ ti wákàtí 24, 5 sì jẹ́ ti odidi ọdún, ní microgram (ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan) nínú mítà kúbíìkì kan afẹ́fẹ́, ìyẹn àyè tó jẹ́ mítà 1 ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga.

Kí ló dé tí ozone fi máa ń ga sí i ní òpin ọ̀sẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá kan, nígbà tí ọkọ̀ ẹrù ti dín kù? Ọmọ mi ní ikọ́ fée, ó sì fẹ́ràn kó máa sáré níta.

NO, ọ̀kan lára àwọn gáàsì NOx, tó ń jáde tààrà láti inú ẹ́ńjìnnì máa ń jẹ ozone. Bí ọkọ̀ ẹrù bá dín kù lọ́jọ́ Àìkú, NO á dín, ozone tó yẹ kó jẹ á sì kù sílẹ̀. Ìlú tí NOx ti pọ̀ lápọ̀jù ló ti ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́ Los Angeles tipẹ́. Ní ìgbèríko, òdìkejì rẹ̀ ni: NOx tó bá dín, ozone náà á dín. Mẹ́téènì pẹ̀lú ń di ozone díẹ̀díẹ̀ káàkiri ayé, àmọ́ ìyẹn kì í yí padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀.

Fún ọmọ yín: ozone tí a bá mí símú máa ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára, ó sì nílò oòrùn, ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ga jù. Èéfín ń ga lówùúrọ̀ kùtùkùtù lábẹ́ ọmọrí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Àyè tó wà láàárín wọn ni nǹkan bí aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀, nígbà tí ọmọrí ti ṣí tí ozone ò sì tíì jinná. Kó sáré nígbà yẹn, kó jìnnà sí etí títì, kí oògùn tó ń fà símú sì wà lápò rẹ̀.